Ìyára Méjì

Lẹ́yìn ilé àlejò kan ní Àpápá,
nínú yàrá ẹ̀rọ tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ,
níbi tí kẹ́míkà omi ti ń ta ní imú bí ata,
mo kúnlẹ̀, mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.
Sẹ̀wánù tó ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.
"Àǹtí Ràlíátù, ẹ ṣàánú mi,
omi yẹn ti di ọbẹ̀ ẹ̀fọ́."

Ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ àwọn tó ń wé kóìlì dé láti Òjúẹlẹ́gbà,
ó wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta tó sùn lọ.
Máníjà ló dáná sun ún lóṣù tó kọjá.
Ó ní kí wọ́n so wáyà pupa mọ́ dúdú,
pé bí ẹ̀sọ̀ bá pàdé eré,
eré á di ìlọ́po méjì.
Àwọn méjèèjì bá wọ̀yá ìjà nínú irin,
òórùn wọn gba fèrèsé dé ìdí tábìlì àwọn tó ń jẹun.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo pa bùrékà.
Mo fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò,
nítorí iná Nẹ́pà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Kàpásítọ̀ ńkọ́? Abínú-má-wìí ni,
ìbínú àná ṣì lè wà nínú rẹ̀.
Mo fi gílóòbù kàn án lẹ́nu méjèèjì.
Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ tán.

Funfun ni ti gbogbo mọ̀lẹ́bí.
Dúdú ni eré. Pupa ni ẹ̀sọ̀.
Súìṣì tí mo rà kò ní ju ẹnu kan lọ:
bó bá ń bá dúdú sọ̀rọ̀, pupa á dákẹ́,
bó bá kọjú sí pupa, dúdú á lọ jókòó.
"Ẹnu ọ̀nà kan, àlejò méjì," Ọ̀gá Lásísì a máa wí,
"kí ọ̀kan jáde ná kí èkejì tó wọlé,"
á sì fi ìdí sikúrúdiráfà kàn mí lórí.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju eré lọ nígbà náà.
Ó lè so iná ilé alájà mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n,
kó tún máa bú wa pé ẹsẹ̀ ìgbín la fi ń rìn.
Ọdún kejì rèé tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.
Ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, lórí àga tí wọ́n fi ìrọ̀rí há,
Ìyá Mùbá ló ń bá a gbé ife tíì.

Fóònù mi dún. Òun ni.
"Rà... lí... átù."
Mo dúró.
"Ṣé o... ti so..."
Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán látara páìpù, ẹ̀ẹ̀mẹrin.
Mo gbọ́ tí Sẹ̀wánù ń yọ ẹsẹ̀ nínú bàtà.
"...ilẹ̀?"

Àánú ṣe mí, mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, mo ti ṣe tán.
Mo wolẹ̀.
Wáyà aláwọ̀ ewé wà lẹ́bàá orúnkún mi,
orí rẹ̀ wà níhòòhò,
kò tíì so mọ́ ohunkóhun,
nínú yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin.

Mo so ó. Mo dè é pinpin. Mo tún un dè.
Eré la fi jí ẹ̀rọ náà: ó bú ramúramù,
ó fa afẹ́fẹ́ inú páìpù tán, omi sì dáhùn.
Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo yí súìṣì sí pupa.
Ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Sẹ̀wánù fi ní ó ti kú.
"Fọwọ́ lé e," mo ní.
Ó fọwọ́ lé e. Ó rẹ́rìn-ín.

Lójú omi, ewé fúrúùtù kan tó ti dúró láti àárọ̀
bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀,
kò kánjú,
ó ń wá ẹnu ihò tí yóò wọ̀.
A gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀, a ń wò ó.